Ìbéèrè Yín Lórí Fíìmù: Ọlọ́pàá Yìí, Ṣé Èèyàn Rere Ni àbí Olè?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Látìgbà tí mo ti mẹ́nu ba Prince of the City nínú abala yìí, fíìmù tí Sidney Lumet ṣe lọ́dún 1981 nípa ọlọ́pàá tó lọ tú àṣírí àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ ẹ̀, lẹ́tà ò yéé wọlé. Àwọn kan ń bínú, àwọn kan rí ohun témi gan-an ò rí, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n wá san àkókò òun padà torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta tóun fi jókòó síwájú ẹ̀, tóun ò sì mọ ẹni tóun máa gbè lẹ́yìn. Mo ti ṣa díẹ̀ nínú wọn. Màá sọ bí àwọn fíìmù yìí ṣe parí o, ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ kó yáa dí etí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo wo Prince of the City tán, orí mi dàrú. Danny Ciello yìí, ṣé ká káàánú ẹ̀ ni àbí ká bú u? Ó ń gbowó, ó ń fún àwọn olófòófó ẹ̀ ní oògùn olóró, ìgbà tó yá ló wá ń ṣe bí ẹni tó ronú pìwà dà, ó so ẹ̀rọ mọ́ra, ó ń gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀. Ọkọ mi ní ọ̀dàlẹ̀ paraku ni. Èmi ní ó gbìyànjú. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ẹ̀. Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tìtorí Danny Ciello dá ilé rú. Ohun tí ọkọ yín rí wà níbẹ̀, ohun tẹ́yin náà rí wà níbẹ̀, ọ̀kan ò pa èkejì. Ẹni tí wọ́n fi ìtàn ẹ̀ ṣe fíìmù yẹn, Robert Leuci ló ń jẹ́, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ní New York, ó wà nínú ẹ̀ka kan tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ láti máa lé àwọn ògbóǹtarìgì tó ń ta oògùn olóró. Kò sẹ́ni tó ń yẹ àwọn ọmọ ẹ̀ka yẹn lọ́wọ́ wò, wọ́n ń jí nígbà tó wù wọ́n, wọ́n ń ṣiṣẹ́ bó ṣe wù wọ́n, ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá bẹ́, nínú nǹkan bí 70 tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, 52 ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. 52 nínú 70! Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ gan-an ni wọ́n máa máa wò bí àjèjì.

Ẹ rántí ibi tí òjò ti ń rọ̀ lóru yẹn? Olófòófó ẹ̀ kan pè é lórí fóònù, oògùn ti tán lára ẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ciello dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wakọ̀ bọ́ sínú òjò, kò rí oògùn níbi kankan, ló bá lé ajoògùnyó mìíràn mú, ó lù ú, ó gba tọwọ́ ẹ̀, ó gbé e lọ fún ẹni tiẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan, ó ja ẹnì kan lólè kó lè ṣàánú ẹlòmíì. Àánú ẹni tó jà lólè yẹn tún wá ṣe é, ó gbé e délé, wọ́n sì débẹ̀ tán ni ọkùnrin náà dojú ìjà kọ obìnrin tó wà nílé, ó ń lù ú lórí ọ̀rọ̀ oògùn. Ciello kàn dúró síbẹ̀, aṣọ ẹ̀ rin gbingbin, ó ń wò wọ́n, kò mọ ohun tó máa ṣe. Ẹ kíyè sí i pé kò sówó kankan nínú gbogbo ìyẹn o. Kò sẹ́ni tó fún un ní rìbá, kò sí ọ̀gá tó rán an níṣẹ́. Àánú ló gbé e jáde nílé, ohun tó sì ṣe lóru ọjọ́ yẹn burú ju kó kàn gbowó ṣápò lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni fíìmù yẹn ti sọ ohun tó fẹ́ẹ́ sọ, gbogbo wákàtí tó kù kàn ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀ ni.

Ó wá lọ bá àwọn olùwádìí, ó ní òun á bá wọn ṣiṣẹ́, àmọ́ òun ò ní dárúkọ àwọn ẹnìkejì òun, ẹbí òun ni wọ́n. Wọ́n ní kò burú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́, torí wọ́n á bi í ní kóòtù pé ìwọ fúnra ẹ kí lo ti ṣe, tó bá parọ́, gbogbo ẹjọ́ tó ti jẹ́rìí sí ló wó lulẹ̀, tó bá sòótọ́, àwọn tí wọ́n jọ ṣe é dà? Bó ṣe di pé ó ń dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn pa ara ẹ̀. Ibì kan wà lápá ìparí tí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń jiyàn bóyá kí wọ́n gbé Ciello fúnra ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, àwọn kan ní ọ̀daràn ni, àwọn kan ní tí wọ́n bá fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ sẹ́ni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá, kò sí ọlọ́pàá mìíràn tó máa la ẹnu mọ́ láyé. Ọ̀rọ̀ tẹ́yin pẹ̀lú ọkọ yín ń fà náà ni wọ́n ń fà o, àwọn kàn jẹ́ lọ́yà ni.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n dá sí i, mo káàánú ẹ̀, mi ò sì gbà pé ó mọ́. Mo gbà pé ó nígboyà. Mo sì gbà pé ọ̀dàlẹ̀ ni, ọkọ yín ò purọ́. Ẹ mú ìwà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo kẹ́ ẹ wá máa wá orúkọ tẹ́ ẹ máa pè é. Níkẹyìn, wọ́n ò fẹ̀sùn kàn án, ó wá ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá tuntun níṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan bèèrè bóyá òun ni Ciello yẹn, ó ní òun ni, ọmọ yẹn ní òun ò rò pé òun ní nǹkan kan láti kọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, ó dìde, ó jáde ní kíláàsì. Mo ti wò ó tó, mi ò tíì mọ̀ bóyá kí n pàtẹ́wọ́ fọ́mọ yẹn ni àbí kí n gbá a létí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú Serpico, fíìmù Lumet mìíràn nípa Frank Serpico, ọlọ́pàá New York tí kì í gba rìbá, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà ní yúníìtì ń bẹ ọ̀gbẹ́ni yẹn kó gba owó. Kò yé mi. Tí ẹnì kan bá lóun ò gbà, ṣé kì í ṣe pé ìpín tiẹ̀ á bọ́ sí àpò àwọn tó kù ni? Ó yẹ kínú wọn máa dùn ni. Òǹwòran Òru.

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè gidi nìyí, inú mi dùn sí i. Ẹnu ẹ̀ ni wọ́n ń rà o, kì í ṣe nǹkan míì. Àwọn àgbà ti ní ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, ẹni tí kò bá wá jẹ, ta ló mọ ohun tó ń fi ẹnu ẹ̀ dúró dè? Ìpín tí Serpico kọ̀ yẹn, owó lásán kọ́ lójú wọn, ewu tó jókòó sáàárín wọn ni.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé àwọn tó kọ fíìmù ló hùmọ̀ ọ̀rọ̀ ìpín yìí. Ìgbìmọ̀ ìwádìí kan wà ní New York, Whitman Knapp ni alága ẹ̀, olórí ìlú wọn nígbà yẹn, John Lindsay, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1970, ọdún 1972 ni wọ́n sì gbé ìròyìn wọn jáde. Tẹ́ ẹ bá kà á, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbànújẹ́ sha. Àwọn ọlọ́pàá tí kì í wọ yúnífọ́ọ̀mù, tó yẹ kí wọ́n máa mú àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́, oṣooṣù ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ onítẹ́tẹ́, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ jọ, wọ́n á pín in lọ́gbọọgba. Ìpín ẹnì kan lóṣù, 300 dọ́là sí 400 dọ́là ni láàárín gbùngbùn Manhattan, ó sì ń lọ tó 1,500 dọ́là ní Harlem. Ọ̀gá wọn ń gba ìpín kan ààbọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nǹkan bí oṣù méjì ni kò ní gba nǹkan kan, torí wọ́n ṣì ń wò ó bóyá ó ṣeé fọkàn tán. Ẹ wá gbọ́ eléyìí o, tó bá ti fẹ́ kúrò lẹ́ka yẹn lọ síbòmíì, wọ́n á san owó oṣù méjì tó pàdánù yẹn fún un kó tó lọ. Àwọn olè ń san owó ìdágbére! Iléeṣẹ́ mélòó ló ń ṣe dáadáa báyẹn sí òṣìṣẹ́ ẹ̀?

Ìgbìmọ̀ yẹn pín àwọn tó ń gbowó sọ́nà méjì, ajẹko àti ajẹran. Ajẹran ni ẹni tó ń lo agbára ọlọ́pàá láti lọ wá owó kiri, tó ń halẹ̀, tó ń dọdẹ. Ajẹko ni èyí tí kì í wá a, àmọ́ tí ohun tí iṣẹ́ bá jù sí i lọ́nà kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ajẹko ló pọ̀ jù, àwọn náà sì ni wàhálà gan-an, torí pé bí wọ́n ṣe pọ̀ tó yẹn ni ìwà yẹn ò fi jọ ohun ìtìjú mọ́. Fíìmù kékeré ò lè fi èyí hàn, ó fẹ́ràn ajẹran, ajẹran ló ń yìnbọn, ajẹran ló ń sọ̀rọ̀ ńlá. Àwọn fíìmù tó dáa nínú irú èyí, ajẹko ni wọ́n máa ń tọ́jú kámẹ́rà fún.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n yìnbọn fún Serpico lójú, àbí wọ́n kàn fi dun fíìmù ni? Àti pé ṣé àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló tà á? Ẹni Tó Ń Fẹ́ Òótọ́.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Frank Serpico wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá New York lọ́dún 1959. Lálẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1971, òun àtàwọn mìíràn lọ mú ẹni tó ń ta oògùn olóró ní Brooklyn, òun ni wọ́n tì síwájú torí ó gbọ́ èdè Spanish, kó sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn há a mọ́ ẹnu ọ̀nà, ara ẹ̀ kan wà nínú, ìyókù wà níta, ó ń ké sí àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀, wọn ò fà á, wọn ò tì í, ìbọn sì dún, ó bá a lójú. Àwọn ọlọ́pàá tó bá a débẹ̀ ò kéde lórí rédíò pé wọ́n ti yìnbọn fún ọlọ́pàá, bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé nílé yẹn ló pe ìrànlọ́wọ́. Etí ẹ̀ kan di títí dòní.

Wọ́n tà á àbí wọn ò tà á, kò sí ilé ẹjọ́ tó dá ọlọ́pàá kankan lẹ́bi lórí ẹ̀. Fíìmù náà ò sì parọ́ pé òun mọ̀, ó fi ọ̀rọ̀ yẹn síbi tó wà, mo sì gbóríyìn fún un lórí ìyẹn. Àmọ́ ibì kan wà tí mo ti ń bá a jà. Nínú fíìmù, ẹ máa rò pé Serpico nìkan ló dá gbogbo ẹ̀ ṣe. David Durk, ọlọ́pàá bíi tiẹ̀, wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì tí wọ́n ń lé wọn bí ẹní lé adìyẹ, ìgbà tó rẹ̀ wọ́n ni wọ́n lọ bá ìwé ìròyìn New York Times, tí ìtàn yẹn jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1970. Fíìmù sọ Durk di ọ̀rẹ́ kan báyìí tó mọ èèyàn ńlá ńlá, wọ́n tiẹ̀ yí orúkọ ẹ̀ padà. Àwọn oníṣòwò fíìmù fẹ́ràn akọni tó dá dúró, ó rọrùn láti lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Serpico jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ Knapp lóṣù kejìlá ọdún 1971, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kó lọ sí Yúróòpù. Ọdún 2022 ni wọ́n tó fún un níwèé ẹ̀rí tó yẹ kó bá àmì ẹ̀yẹ tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fún un rìn. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí. Mo bá àwọn ọmọ kíláàsì mi jiyàn lórí Touch of Evil. Wọ́n ní tí ọlọ́pàá bá gbé ẹ̀rí èké sílé ẹni tó jẹ̀bi lóòótọ́, kí ló burú níbẹ̀? Ẹ bá mi dá wọn lóhùn. Olùkọ́ Tó Ti Rẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá mi, àwọn ọmọ yẹn ò gọ̀ o, fíìmù yẹn gan-an ló kọ́ wọn ní ìbéèrè yẹn. Fún àwọn tí ò tíì wò ó: Orson Welles ló ṣe é lọ́dún 1958, òun náà ló sì ṣe Quinlan, ọlọ́pàá sànràsanra kan tó lókìkí pé kò sí ọ̀daràn tó ń bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Vargas, òṣìṣẹ́ ìjọba Mẹ́síkò, wọ balùwẹ̀ afurasí kan lọ fọwọ́, páálí bàtà kan já bọ́, òfìfo ni, ó rí i fúnra ẹ̀. Kò pẹ́, wọ́n ní wọ́n bá dáínámáìtì nínú páálí yẹn náà. Vargas wá mọ̀ pé bí Quinlan ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Wọ́n sì ti pa ìyàwó Quinlan nígbà kan rí o, ẹni tó pa á mú un jẹ, kò sẹ́rìí, látìgbà náà ló ti ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Níparí pátápátá ni wọ́n wá sọ pé afurasí yẹn jẹ́wọ́, òun ló ṣe é lóòótọ́. Ìmọ̀lára Quinlan ò tàsé.

Ẹ bi àwọn ọmọ yín báyìí: àwọn tó ti fi sẹ́wọ̀n ṣáájú ńkọ́? Ta ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tí kò jẹ̀bi? Quinlan fúnra ẹ̀ ò lè yà wọ́n, torí ẹ̀rí tó yẹ kó fi mọ̀, òun ló gbé e síbẹ̀. Nǹkan tó burú níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti afurasí ọjọ́ yẹn nìkan. Ìdí ẹ̀ rèé tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi sọ lọ́dún 1961, nínú ẹjọ́ Mapp àti ìpínlẹ̀ Ohio, pé ẹ̀rí tí ọlọ́pàá bá rú òfin kó tó rí i, ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gbà á wọlé. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Dirty Harry gbé apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn síta, wọ́n tú apààyàn sílẹ̀ torí pé ọlọ́pàá fìyà jẹ ẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, gbogbo ilé sinimá ń bínú sófin. Ẹ fi fíìmù méjèèjì hàn wọ́n lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ ò ní sùn ní kíláàsì yẹn.

Ohun kan tún wà tẹ́ ẹ lè sọ fún wọn. Nígbà tí Welles ń ṣe fíìmù yẹn, àwọn iléeṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà ní òfin kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe, tí wọ́n fi ọwọ́ líle mú láti 1934 títí di 1968. Kò gbọdọ̀ sí fíìmù tó máa mú kí àwọn òǹwòran gbè sẹ́yìn ìwà ọ̀daràn, wọn ò sì gbọdọ̀ fi òfin ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ wo bí Quinlan ṣe kú, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tímọ́tímọ́, Menzies, ló so ẹ̀rọ mọ́ra láti gba ohùn ẹ̀, àwọn méjèèjì sì pa ara wọn. Ìjìyà tí òfin yẹn fẹ́ wà níbẹ̀, ẹ sì tún ń káàánú ẹ̀ síbẹ̀. Ọgbọ́n àwọn àtijọ́ nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin ń rìn káàkiri ilé bí Alonzo inú Training Day. Ó ní òun fẹ́ di ọlọ́pàá báyẹn. Ṣé irú fíìmù yìí ò máa ba àwọn ọmọ wa jẹ́ báyìí? Bàbá Tó Ń Ṣọ́ra.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ fara balẹ̀ sà. Ẹ bi í bóyá ó wò ó dé ìparí, bí Alonzo ṣe kú níbẹ̀ ò wu èèyàn. Mo gbà sha pé Denzel Washington ṣe é dùn jù, ó gba Oscar òṣèrékùnrin tó dáa jù lọ́dún 2002 lórí ẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà á fẹ́ wọ mọ́tò ẹ̀. Ìdí tí mi ò fi kà á mọ́ àwọn tó dáa jù nìyẹn gan-an: Alonzo burú, ọmọ tuntun tó ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́dọ̀ ẹ̀ dáa, gbogbo ẹ̀ ti wà nílẹ̀, kò sóhun tí èèyàn ń bá ara ẹ̀ jà lé lórí. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni wákàtí àkọ́kọ́, tí ọmọ yẹn ṣì ń rò pé bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní Infernal Affairs ní ìparí méjì. Èwo ni ojúlówó? Kọ́lékọ́lé.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fíìmù Hong Kong ni, ọdún 2002, ọlọ́pàá kan wọ inú ẹgbẹ́ ọ̀daràn lọ ṣe bí ọ̀daràn, ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀daràn kan náà wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, wọ́n wá ń wá ara wọn. Ojúlówó ni pé ẹni rere kú, ọ̀dàlẹ̀ inú ọlọ́pàá yè é, ó sì gbọ́dọ̀ máa gbé ayé ẹni tó jẹ́ èké lọ. Wọ́n wá ṣe òmíràn fún ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n mú un níbẹ̀, kí ọlọ́pàá má bàa ṣẹ́ kù bí aláìmọṣẹ́. Ìgbà tí Martin Scorsese wá tún un ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006, tó pè é ní The Departed, ọlọ́pàá mìíràn dúró de ọ̀dàlẹ̀ yẹn nílé ẹ̀, ó yìnbọn pa á, kò sẹ́jọ́, kò sí kóòtù. Ó gba Oscar fíìmù tó dáa jù. Ojúlówó ti Hong Kong lèmi ń tẹ̀ lé, ìyà tó ń jẹ ẹni tí wọn ò mú burú ju ìbọn lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń kọ fíìmù kan nípa ọlọ́pàá tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó wá bàjẹ́. Ojú ìwé kẹta ni wọ́n ti gbé àpò owó fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kò wọni lára. Kí ni kí n ṣe? Akẹ́kọ̀ọ́.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, gbé àpò owó yẹn kúrò níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kọ àpò owó, ó tóbi, ó ń pariwo, èèyàn ti mọ ohun tó jẹ́. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tí ẹni tó bá kọ̀ ọ́ máa dà bí aláìmoore. Níbẹ̀rẹ̀ Serpico, òun àti ẹnìkejì ẹ̀ lọ jẹun lọ́sàn-án, ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ yẹn, èyí tí wọ́n gbé fún un ò wù ú, ó wò ó pé ṣé òun ò lè san owó kóun mú èyí tó wu òun ni, ẹnìkejì ẹ̀ ní kó jẹ ohun tí wọ́n bá fún un, èèyàn wa ni ọ̀gá ibẹ̀, ọkọ̀ tó ń já ẹrù fún un ń dúró síbi tí kò yẹ, a kì í dí i lọ́wọ́. Ó tán. Kò sí orin ẹ̀rù, kò sẹ́ni tó wo kámẹ́rà. Tí o bá lè kọ ojú ìwé kan báyẹn, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ á dákẹ́.

Fún un ní nǹkan tó máa pàdánù tí kì í ṣe owó. Ìyàwó wà, ọmọ wà, gbogbo èèyàn ń kọ ìyẹn, ọ̀rẹ́ ni kó o wá fún un, àwọn ọ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ nígbà tí ìbọn ń dún. Ẹni tó gba ẹ̀mí ẹ là lánàá ló ní kó fọwọ́ síwèé irọ́ lónìí. Ìwọ náà kọ ìyẹn kó o rí i bí ó ṣe máa ṣòro fún ẹ láti mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Tí ìwọ tó ń kọ ọ́ bá ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀, tún un kọ.

Tó bá sì jẹ́ pé ìwọ náà lo máa darí ẹ̀, wá ìwé tí Lumet kọ nípa iṣẹ́ fíìmù ṣíṣe kó o kà á. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé nínú Prince of the City, òun ò lo lẹ́ńsì tó ń rí nǹkan bí ojú èèyàn ṣe ń rí i rárá, tí kò bá fẹ̀ jù, á jìnnà jù, kí ibi gbogbo máa dà bí ohun tí kò rí bó ṣe rí. Iná ńkọ́? Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn àwọn òṣèré ló mọ́lẹ̀ jù, nígbà tó fi máa dópin, ojú wọn nìkan ló kù nínú ìmọ́lẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn ti ṣókùnkùn. Kò sì jẹ́ kí ojú ọ̀run hàn, àfi ìgbà tí Ciello wà lórí afárá Manhattan, tó ń rò ó bóyá kóun pa ara òun. Mo wo fíìmù yẹn fọ́jọ́ pípẹ́ kí n tó mọ ìdí tó fi ń fún mi láyà. Kò ná an lówó púpọ̀, ó kàn rò ó dáadáa ni.

ÌBÉÈRÈ: Mi ò wo ìkankan rí nínú wọn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, ṣé mo sì lè wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ? Aládùúgbò Rere.

ÌDÁHÙN: Serpico ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ó yára, Al Pacino wà níbẹ̀, irùngbọ̀n ẹ̀ sì ń gùn sí i bí wàhálà ṣe ń pọ̀ sí i. Láti ẹ̀yìn wá síwájú ni wọ́n ya fíìmù náà o, ó dá irun sí ná, wọ́n wá ń gé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ sinmi fọ́sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ wá wo Prince of the City. Lumet fúnra ẹ̀ sọ pé òun ò fi àwọn ọlọ́pàá tó kù hàn bí èèyàn tó nínú ti àkọ́kọ́, ìdí tó fi ṣe èkejì nìyẹn, tẹ́ ẹ bá wò wọ́n tẹ̀ léra ẹ máa rí ibi tó ti ń tún ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Touch of Evil, dúdú àti funfun ni, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Ti àwọn ọmọ, rárá o. Èébú wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó ti lé ní ọdún 16 lè bá yín wo Serpico, ẹ kàn jókòó tì wọ́n ni. Tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ tí ẹnì kan ń yin Bad Lieutenant ti 1992 fún yín, fíìmù gidi ni, àmọ́ NC-17 ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn ni pé ọmọdé ò gbọ́dọ̀ wò ó, kí gbogbo ilé ti sùn kẹ́ ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n.